Ọpẹ́ Wa fún Àwọn Tó Padà Wá Béèrè

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fẹ́ gbé lọ ṣì wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, ohùn wọn ti ń dún nínú ilé. Àwa tá a máa ń dúró ti irú wọn mọ̀ pé Ọlọ́run ló ṣe é, a sì mọ àwọn tó rán níṣẹ́. Àwọn la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dá lóhùn pé "dáadáa ni," tí kò tìtorí ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ohun tó fojú rí ló sọ: "O ò gbé fóònù mọ́, aṣọ ìjẹta ló ṣì wà lọ́rùn rẹ. Ṣé o ń rí oorun sùn?" Ọ̀rọ̀ oorun àti oúnjẹ rọrùn láti dáhùn ju "kí ló ń ṣe ọ́" lọ, torí ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kì í sábà mọ ohun tó ń ṣe é. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìgbádùn ohunkóhun bá sì ti wà lára rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Èyí tá a fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ jù ni ti ẹni tó la ẹnu béèrè pé, "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé àwọn á fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún un pé ẹnì kan fẹ́ gbọ́. Àmọ́ "O ò kúkú ní ṣe irú ẹ̀, àbí?" ti fi èsì tó o fẹ́ sí i lẹ́nu, á ní rárá kó má baà já ọ kulẹ̀. Ẹni tá à ń wí yìí béèrè, ó sì dákẹ́. Kò ní "rántí àwọn ọmọ rẹ," torí ìtìjú ló ń dì kún ẹrù tó ti wúwo. Ó béèrè bóyá onítọ̀hún ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà pa ara rẹ̀ àti ìgbà. Nígbà tí onítọ̀hún ní òun ti mọ̀ ọ́n, kò bá a mulẹ̀ láti fi ṣe àṣírí, kò sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run á bù kún ẹni tó kó oògùn àti apakòkòrò inú ilé lọ síbi tí ọwọ́ ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kò tó. Èrò àtipa ara ẹni máa ń ru sókè, ó sì máa ń rọlẹ̀. Bí ohun tó lè pani bá jìnnà lásìkò tó ru yẹn, ẹ̀mí lè bọ́.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì náà gba sùúrù. Orí fífọ́ àti èébì lè ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìtura sì lè má hàn títí ọ̀sẹ̀ 2 sí 6. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá a dúró fúnra wọn. Agbára tún lè padà sára kí ọkàn tó fúyẹ́, torí náà ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde rìn gan-an ló yẹ ká ṣọ́ ọ. Bákan náà ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti ilé ìwòsàn dé, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti tán.

Dókítà ọpọlọ kan ní San Francisco, Jerome Motto, kọ lẹ́tà kúkúrú sí àwọn tó ti ilé ìwòsàn dé bẹ́ẹ̀ tí wọn ò gba ìtọ́jú mọ́: oṣooṣù fún oṣù 4, oṣù méjì-méjì fún oṣù 8, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún 4. Lẹ́tà 24 láàárín ọdún 5, kò sì fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ bèèrè nǹkan kan. Ní ọdún 2 àkọ́kọ́, àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn nínú àwọn tó kọ̀wé sí kéré sí ti àwọn tí kò kọ sí.

Nítorí náà, ìwọ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "Mo rántí rẹ lónìí, má ṣèyọnu láti fèsì," tó rí i pé ó kà á tí kò sọ nǹkan kan, tó sì tún fi òmíràn ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e: a dúpẹ́ o.