Gìtá Arizona tí mo ti ń wò láti ọ̀sẹ̀ méjì

Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí mo ti ń wo gìtá kan náà lójú fóònù. Harmony Sovereign ni, H1260, gìtá onígi tí wọ́n ṣe ní Chicago níbí, àmọ́ Arizona ni ẹni tó ń tà á wà. 475 dọ́là ló pè é, owó ìfiránṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwòrán 11 ló gbé síbẹ̀. Mo ti wò wọ́n títí mo fi mọ ibi tí ọ̀dà ti họ lábẹ́ ihò, ibi tí ẹnìkan ti fi sìgá jó orí rẹ̀, àti ìlà tó sán láti ibi tí wọ́n so okùn mọ́ lọ sí ìdí.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn. Tí mo bá délé láàárọ̀, tí mo wẹ̀, tí mo mu gààrí, ó yẹ kí n sùn, ṣùgbọ́n fóònù ni mo máa gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n rà á kí n sinmi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò sì tíì rí ojú ọjà yìí. Nínú gbogbo àwòrán yẹn, kò sí ẹyọ kan tó fi ọrùn gìtá náà hàn láti ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọrùn yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ló kó gìtá ràn mí. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n ní Iléṣà. Tí NEPA bá mú iná lọ lálẹ́, wọ́n á gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ìka méjì péré ta gìtá: àtàǹpàkò ń lu okùn ńlá bí ẹni ń lu ìlù, ìka tó tẹ̀lé e ń kọrin lórí okùn wẹ́wẹ́. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló gbé irú ọwọ́ yìí kiri àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé ilé ẹlẹ́mu l'Ékòó. Ó wà lára ohun tí jùjú fi dìde ní àwọn ọdún 1930, láyé Tunde King. Fatai Rolling Dollar ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ tí Fatai kú ní 2013, bàbá mi pè mí láti ilé. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ń fi ẹnu kọ ohùn gìtá rẹ̀ fún mi.

Tòkunbọ̀ ni gìtá tiwọn. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ti pa rẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn. Okùn rẹ̀ ga kúrò lára igi débi pé ọwọ́ mi kò lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìka á máa ta mí títí di ọjọ́ kejì. Bàbá mi á fi pẹ́ńsù dábùú ọrùn rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà dè é mọ́lẹ̀, okùn á wá sún mọ́ igi díẹ̀. Lọ́dún tí mo wà ní JSS 2, ọyẹ́ mú gan-an. Wọ́n fi gìtá ti ògiri pálọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a gbọ́ “pá!”, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́ igi ìdáná, ojú rẹ̀ sì là láti àárín dé ìdí. Káfíńtà àdúgbò wa kan ìṣó mọ́ ọn. Kò dún dáadáa mọ́, bàbá mi kò sì ra òmíràn, torí owó ilé ìwé àwa mẹ́rin ló wà nílẹ̀ nígbà náà.

Ìdí nìyẹn tí ìlà ojú gìtá Arizona yìí kò fi dẹ́rù bà mí. Mo mọ ohun tó fà á. Inú aṣálẹ̀ ni Arizona wà, ó gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Chicago náà ń gbẹ nígbà òtútù, tí gbogbo ilé bá tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Ìwọ̀n ọ̀rinrin tó bá igi gìtá lára mu kò ju ìdá 45 sí 55 nínú 100 lọ. Igi tó bá gbẹ á sún kì, tí kò bá ríbi sún kì sí, á là. Ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe é fi àtè dì, kí wọ́n sì lẹ igi pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ ọn láti inú, ohùn rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́. Ìṣó nìkan ni kò gbọdọ̀ kàn án.

Ní 1892 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Harmony sílẹ̀ nílùú yìí. Sears, ilé ìtajà ńlá kan, rà á ní 1916, gìtá tí apá tálákà ká ni wọ́n sì ń ṣe jáde jù, fún ẹni tí kò lè ra Martin tàbí Gibson. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 1975. Sovereign wà lókè nínú tiwọn: ojú rẹ̀ jẹ́ pákó spruce gidi, kì í ṣe pílíwúùdù, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ mahogany, ìbátan ọ̀gànwó ilé wa. Àwọn tó ń tà á kì í gbàgbé láti dárúkọ Jimmy Page ti Led Zeppelin, tó ta irú rẹ̀. Orúkọ yẹn ti gbé owó rẹ̀ sókè. Èmi ò wá a nítorí ìyẹn.

Ohùn rẹ̀ ni mò ń wá. Lábẹ́ ojú gìtá, wọ́n máa ń lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ pákó kó má baà wó lọ́wọ́ okùn. Martin to tiwọn bíi lẹ́tà X. Harmony to ti Sovereign ní ìbú-ìbú, bí igi àkàsọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, wọ́n ní ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í pẹ́. Ó máa ń jáde wàrà, á sì ṣí lọ kí òmíràn tó dé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá gbogbo okùn pọ̀ lè ka ìyẹn sí àléébù, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fi ìka méjì ta á, ohun tó dára jù lọ ni, torí àtàǹpàkò kò ní bo ìka kejì mọ́lẹ̀. Ọkùnrin Arizona yìí fi ohùn gìtá náà ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú àáyá 40. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ta okùn ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dá ọwọ́ dúró. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Iléṣà ni mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọrùn. Okùn onírin mẹ́fà gìtá ń fa igi pẹ̀lú agbára tó tó kìlógíráàmù 70, bí ẹni pé àgbàlagbà kan rọ̀ mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Tó bá fà á fún 60 ọdún, ìdí ọrùn á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n ti kì í bọ inú àpótí, okùn á sì máa ga sókè. Lórí fret kejìlá (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), tí àlàfo tó wà lábẹ́ okùn tó nípọn jù bá jẹ́ mìlímítà 2.5, ó tẹ́ ọwọ́ lọ́rùn. Tó bá ti di 4, ó ti di ti bàbá mi nìyẹn. Irin tó wà nínú ọrùn lè na ọrùn tó tẹ̀ kọdọrọ, kò lè tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Àwọn kan tó fẹ́ tà á kíákíá á fá egungun funfun kékeré tí okùn gùn lé, títí tí kò fi ní kù rárá, kí okùn lè wálẹ̀ díẹ̀ lójú ẹni tó ń rà. Tí èèyàn bá wo iwájú nìkan, kò lè mọ̀.

Mo kọ̀wé sí i. Mo ní kó jọ̀ọ́ gbé rúlà dúró lórí fret kejìlá kó yà á, kó fi rúlà gígùn lélẹ̀ lórí gbogbo fret kí n rí ibi tí orí rẹ̀ bá bridge, igi tí wọ́n so okùn mọ́ lójú gìtá, kó sì ya egungun funfun yẹn láti ẹ̀gbẹ́. Mo tún ní kó ki fóònù bọ ihò rẹ̀, kó wá lẹ́tà F tàbí S tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ọdún, torí ibẹ̀ ni Harmony ń kọ ọjọ́ orí gìtá wọn sí. Ọjọ́ kẹta ló dáhùn. Ó ya gbogbo rẹ̀. F-66 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé 1966 ni wọ́n ṣe é. Egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá igi dọ́gba, síbẹ̀ okùn ga tó mìlímítà 4. Rúlà gígùn kò sì gun orí bridge, abẹ́ etí rẹ̀ ló kan, ìyẹn ni pé ọrùn ti yẹ̀.

Inú mi bàjẹ́, mo sì tún fọkàn tán ọkùnrin náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìbá ti fi iná fóònù bò mí lójú ká ní ó fẹ́.

Mo gbé àwọn àwòrán yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún gìtá ṣe ní àríwá ìlú. Ó ní òun á fi ooru àti èéfín omi gbígbóná tú àtè ìdí ọrùn, òun á yọ ọ́, á fá igi díẹ̀ bíi bébà kúrò ní gìgísẹ̀ rẹ̀, á sì dá a padà. 500 dọ́là. Ìlà ojú rẹ̀, 80. Mo ṣírò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì: 475, ìfiránṣẹ́ 65, àtúnṣe 580. Ó di 1,120. Yamaha FG800 tuntun, tí ojú tirẹ̀ náà jẹ́ spruce gidi, kò tó ìdajì owó yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gìtá, ìyẹn ni kó rà, mo ń sọ ọ́ látọkàn wá. Èmi pàápàá sọ fún ara mi pé n kò ní ná ju 900 lọ lórí èyí.

Mo bá a yọwó. Mo sọ iye tí àtúnṣe máa gbà fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sì ní 300, pẹ̀lú ìfiránṣẹ́. Ó ní 340 ni òpin. Oṣù márùn-ún ni gìtá náà ti wà níbẹ̀, àwọn méjì ti béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó sá. 340 àti 580, 920. Ogún dọ́là ló fi ju ohun tí mo sọ lọ. Mo fi òru méjì rò ó, láàárín àwọn aláìsàn àti oògùn wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú mo pe ilé.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà.”

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni, “Ọrùn rẹ̀ ńkọ́?” Mo ní ó ti yẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Tèmi náà ti yẹ̀ kí n tó rà á. N kò mọ̀ nígbà yẹn, mo rò pé ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n ta.” Wọ́n ní owó yẹn pọ̀ fún igi, pé kí n rántí pé mo láwọn ọmọ. Mo ní, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná, sà. Mo gbé e sétí fóònù fún wọn. Nígbà tó dé ibi okùn ńlá yẹn, wọ́n ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé. Wọ́n tún ní kí n gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò tún mẹ́nu ba owó mọ́.

Mo sanwó láàárọ̀ yìí. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó dẹ okùn díẹ̀, kó má yọ wọn kúrò, kó fi bébà rírún ti orí gìtá nísàlẹ̀ kó má baà ṣẹ́ lọ́nà, kó sì fi páálí kejì bò ó. Ọjọ́bọ̀ ni yóò kúrò ní Arizona, òtútù sì ti wà níbí. Bàbá mi fẹ́ wà lórí fídíò WhatsApp nígbà tí mo bá ń ṣí i. Mo sọ fún wọn pé tó bá dé, a óò fi í sílẹ̀ nínú páálí fún wákàtí 24, kí ooru ilé lè wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀dà ara rẹ̀ má baà sán. Wọ́n ní àwọn á dúró.