Bí Òbí Bá Kú: Ọ̀fọ̀ Kátólíìkì ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba

Mísà òkú kan náà ni wọ́n ń ṣe níbi méjèèjì: àbẹ́là Àjíǹde lẹ́bàá pósí, omi mímọ́, tùràrí, àti àdúrà tó ní ìyè olóògbé yí padà ni, kò dópin. Ohun tó yàtọ̀ ni ìgbà tí ọmọ olóògbé máa ń ráyè sunkún.

Ní Nàìjíríà, èrò ló ń kọ́kọ́ dé. Kátíkíìsì tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, àwọn ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ Líjíọ̀nì Màríà, gbogbo wọn á máa wá ka Rósárì lálaalẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìnáwó lè gbapò àdúrà. Ẹbí á ti gba gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí á ti délé, kí wọ́n tó rántí Fadá. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé la sì sábà ń sìnkú, ó lè wá bọ́ sí Ẹtì Rere tàbí Sátidé Mímọ́, tí Ìjọ kì í ṣe Mísà òkú rárá. Wọ́n lè kàwé, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sìnkú, Mísà á di ọjọ́ mìíràn. Ẹ pe Fadá kí ẹ tó pe olórin.

Ní Ìlú Ọba, ìwé ló ń kọ́kọ́ dé. Ní England àti Wales, láti oṣù kẹsàn-án 2024, ó di dandan kí dókítà mìíràn tó ń yẹ ọ̀ràn ikú wò fọwọ́ sí ohun tó fa ikú, àyàfi èyí tó bá lọ sọ́dọ̀ kòrónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ikú. Tí dókítà náà bá ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 5 láti lọ forúkọ ikú sílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ti gba àkókò níbi tí wọ́n ti ń sun òkú kí ẹnikẹ́ni tó bi Fadá. Mísà lè gbà tó wákàtí kan, ìrìn ọ̀nà sì tún wà níbẹ̀.

Ní ti sísun òkú, Ìjọ ti gbà á láyè láti 1963, bí wọn kò bá fi tako ìgbàgbọ́ wa, àmọ́ sínsin ló ṣì wù ú jù. Ìlànà tí Vatican gbé jáde ní 2016 ní kí a má fọ́n eérú ká, ibi mímọ́ ni kí ó sinmi sí. Ẹ bá àwọn ará ilé sọ ọ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé, nítorí etí mìíràn ń gbọ́ ọ bí èébú.

Ẹ̀bẹ̀ Mísà, ìyẹn orúkọ olóògbé tí a ní kí Fadá ṣe Mísà fún, ló yẹ ká dúró lé lórí. Ní Nàìjíríà, orúkọ rẹpẹtẹ ni wọ́n máa ń kà nínú Mísà kan. Ní Ìlú Ọba, orúkọ kan fún Mísà kan ló wọ́pọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde ọ̀sẹ̀, ẹ sì lè dúró pẹ́ kó tó kàn yín. Òfin Ìjọ (948) ní ọrẹ tí a gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Mísà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ béèrè èyí tí ẹ ń san ọrẹ fún: Mísà tiyín nìkan ni, àbí ti orúkọ rẹpẹtẹ? Ọ̀wọ́ Mísà kan wà fún òkú tí wọ́n ń pè ní Mísà Gregory: 30 ni, lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, fún ọkàn kan ṣoṣo. Ó ṣòro fún ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, ẹ bi ilé àwọn mọ́ǹkì. Ẹni tí kò lówó kò gbọdọ̀ tijú: òfin 945 rọ àwọn Fadá pé kí wọ́n ṣe é fún aláìní láìgba ọrẹ.

Àwọn ìbátan tí kì í ṣe Kátólíìkì á ní àdúrà fún òkú kò sí nínú Bíbélì. Nínú Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wọn, lóòótọ́ kò sí, torí Ìwé Mákábì Kejì (12:43–46) kò sí níbẹ̀. Ìwé Ọgbọ́n 3:1–9 náà kò sí, nítorí náà ẹ tẹ ẹ́ sórí ìwé fún ẹni tó máa kà á nínú Mísà.

Nílé, wọ́n tún máa ń fi 1 Tẹsalóníkà 4:13 pa ẹkún mọ́ ọmọ lẹ́nu. Pọ́ọ̀lù kò ka ìbànújẹ́ léèwọ̀. Ó ní ká má ṣe é bí aláìnírètí. Jésù alára sunkún nígbà tí Lásárù kú. Ní Ìlú Ọba, kò sẹ́ni tó máa pa yín lẹ́nu mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá ẹnìkan tí ẹ jọ máa ka Rósárì.

Láti ọjọ́ kìíní sí ìkẹjọ oṣù kọkànlá, ẹni tó bá lọ sí itẹ́ òkú, tó gbàdúrà fún àwọn òkú, tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tó gba Kómúníọ́nù, tó gbàdúrà fún èrò ọkàn Póòpù, tí ọkàn rẹ̀ kò sì fà sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, lè gba ìdáríjì kíkún fún ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn kan ní Pọ́gátórì, níbi tí ọkàn ti ń di mímọ́ kó tó wọ ọ̀run, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Itẹ́ òkú ibikíbi ló tó. Òbí lè sùn sí Ìbàdàn, kí ọmọ ṣe é ní Manchester.