Ìṣúná Leeds, ọjà Ìtòkú

Láti ọdún 2022 ni mo ti wà ní Leeds, ní Ìlú Ọba, nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ń pè ní kíà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wálé sí Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Ìtòkú ni mo ń lọ jókòó sí lójoojúmọ́, láàárín òkìtì àdìrẹ, ṣùgbọ́n fóònù mi ò sinmi. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leeds ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Wọn ò béèrè àlàáfíà mi o. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ló gbà wọ́n lọ́kàn.

Àǹtí mi wò mí títí, ó ní, "Àbúrò mi, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mínísítà ètò ìnáwó wọn ló fẹ́ ka ètò ìṣúná ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

"Ìyẹn ni ẹ ò ṣe lè sùn? Bí wọ́n bá kà á tán, ṣé wọn ò ní ká a sápò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ní Abẹ́òkúta, tí èèyàn bá dá ọlọ́jà dúró pé ọjọ́ wo ni ìjọba ń ka ìṣúná, wọ́n á ní kó lọ sinmi. Gómìnà a gbé tirẹ̀ lọ bá àwọn aṣòfin ní Òkè-Mosàn, Ààrẹ a gbé tirẹ̀ lọ sí Abuja, rédíò a sì pe iye tó jẹ́. Ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2025 jẹ́ 54.99 tírílíọ̀nù náírà. Ìparí oṣù kejì ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu tó buwọ́ lù ú, ìyẹn ni pé ọdún ti rìn jìnnà kí ìwé ìnáwó ọdún tó di òfin. Ta ni yóò wá jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti mọ iye tí òun máa ra gàrí?

Ní ti Leeds, kò yà mí lẹ́nu pé ọkàn wọn ò balẹ̀, torí ojú mi ti rí i rí. Ìṣúná tí Rachel Reeves kà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò mínísítà ètò ìnáwó ní Ìlú Ọba, ó sì gbé báàgì pupa tí wọ́n máa ń gbé lọ́jọ́ yẹn, ó dúró kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Owó National Insurance, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà fún ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́, èyí tí ọ̀gá iṣẹ́ ń san lórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, ló fi kún, láti 13.8 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún fa ibi tí owó náà ti ń bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, láti orí owó iṣẹ́ £9,100 lọ́dún sí £5,000. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ọ̀rọ̀ ọ̀gá nìyẹn, kí ló kan òṣìṣẹ́? Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọ̀sẹ̀, tó ń gba £12,000 lọ́dún, bíi £400 ni ọ̀gá rẹ̀ ń san lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ó di £1,050. Orí èèyàn kan ṣoṣo nìyẹn o. Tí irú wọn bá pé 40 nínú ilé arúgbó kan, £26,000 ni ọ̀gá máa wá kún un, láìka ẹ̀dínwó tó bá lè rí gbà.

Oṣù kẹrin náà ni owó wákàtí tó kéré jù lọ gòkè láti £11.44 sí £12.21. A yọ̀. Kò pẹ́ tí rótà tuntun jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń pín ọjọ́ iṣẹ́ fún wa. Mo wá orúkọ mi lọ́jọ́ Sátidé, mi ò rí i. Mo wá a lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò sí. Ófátáìmù tí mo fi ń ránṣẹ́ owó ilé ìwé àwọn ọmọ àǹtí mi ti lọ, kò sì sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ìyáàfin òyìnbó kan tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́ òru, tí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ rẹ̀ di ọjọ́ kan àtààbọ̀, ó kàn ṣáà ń fi ìka tẹ rótà náà lára ògiri, bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ máa yọ jáde tó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kà ní London ní oṣù kẹwàá ti rìn títí, ó ti dé ara ògiri ilé iṣẹ́ wa.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àǹtí mi. Ibi tí ó ti wá dá mi lóhùn kì í ṣe ibi tí mo rò. Mítà iná ló fẹ́ gbọ́.

Ilé tí mo ń gbé ní Leeds, mítà tí a ń sanwó fún ṣáájú ló wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ike kékeré kan ni, mo máa ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lórígun títì, wọ́n á kó owó sínú rẹ̀, màá wá fi í há mítà lẹ́nu. Tí owó bá tán lóru, mítà á yá mi ní díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tún kó owó sí i, gbèsè rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ. Àjọ tí wọ́n ń pè ní Ofgem ló ń fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lórí iná àti gáàsì, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì ni wọ́n ń yí i padà, wọn á ti kéde rẹ̀ kí oṣù náà tó wọlé. Owó kan tún wà tí mítà ń gbà lójoojúmọ́, tó lé ní 50 pẹ́ńsì, yálà mo tan iná o, n ò tan iná o.

"Dúró ná," àǹtí mi ní. "Iná tí o ò tàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Torí pé mítà dúró síbẹ̀ ni."

Ó pàtẹ́wọ́. "Krésì bíìlì náà nìyẹn! Ṣé ẹ tún lọ bá a lọ́hùn-ún ni?"

Àǹtí mi ní ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Báńdì A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, rí i tí owó yúníìtì iná kan fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ní Ọbáńtokò kò sí lára wọn, kì í san tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í rí iná tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ra iná, nọ́ńbà 20 ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ á máa pè é, òun á máa tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá ṣi ọ̀kan tẹ̀, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Mítà rẹ̀ kì í yá èèyàn lówó. Ó ní ìyẹn ló dáa jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé, n ò ní sọ púpọ̀. Ní Leeds, ọjọ́ kìíní oṣù ni báńkì máa ń yọ owó yàrá mi fúnra rẹ̀ kí n tó jí. Ní Abẹ́òkúta, ọdún kan ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn ń gba méjì lọ́wọ́ ẹni tuntun, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n. Ọ̀hún ń jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀, ibí ń gbé èèyàn mì lẹ́ẹ̀kan náà. N ò mọ èyí tí mo fẹ́ràn jù, àfi tí oṣù bá parí tí n kò ní ju £30 lọ.

Ẹ tún má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíṣẹ́ owó tàn yín. Ìjọba Ògùn ní òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ á máa gba 77,000 náírà lóṣù. Nígbà tí mo wálé, ìyẹn ò ju bíi £40 lọ, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ níbi iṣẹ́ mi. Gbogbo ẹbí ló mọ ìṣirò yẹn, wọ́n sì máa ń fi í lọ̀ mí. Ọmọ àǹtí mi tó ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni kan níbí kò tilẹ̀ gbà tó 77,000 náà. Ó ní nígbà tí oṣù méjì pé láìrí owó, ọ̀gá wọn kí wọn kú sùúrù, kò sì sí lẹ́tà kankan. "Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ ò bọ́ o. Owó ni kò wọlé." N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ túmọ̀ gbólóhùn yẹn fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, tí owó kò bá wọlé lóṣù kan péré, lọ́yà ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè.

Ohun kan ń dójú tì mí nínú gbogbo ìfiwéra yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu gorí oyè tó sì ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan di èyí tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti Panṣẹ́kẹ́ dé Láfẹ́nwá, owó ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wa ní ó bá wa lójijì. Kì í ṣe òjijì. Ìṣúná ọdún 2023 tí ìjọba Buhari ṣe, oṣù mẹ́fà péré ló fi owó ìrànwọ́ epo sí, títí dé ìparí oṣù kẹfà. Ó wà nínú ìwé, wọ́n ti kà á, ojú rédíò ni wọ́n ti kà á pẹ̀lú. A ò gbọ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀, etí wa ti di sí i. Leeds ni mo wà kí n tó mọ̀, níbi tí mo ti ń wá ohun tó kan ìṣúná tàwọn.

Ẹ̀gbá tó sọ pé òun ò mọ ìwé owó orí kà, ó ń ṣeré ni. Ní ọdún 1947, àwọn obìnrin ọjà ìlú yìí, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì níwájú wọn, mọ iye owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbé e lọ. Ààfin Aké ni wọ́n dó sí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti kúrò lórí oyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà lẹ́yìn náà. Àǹtí mi ní ìyá ìyá wa wà níbẹ̀. Mo bi í pé tí kọ́ọ́sítìkì tí wọ́n fi ń re aṣọ bá wọ́n lónìí, ẹnu ọ̀nà ta ni ó máa lọ. Ó ronú díẹ̀. "Ti dọ́là," ó ní, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Èmi ni ẹ̀rù bà jù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, n ò sì sọ fún un. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ìṣúná, ìjọba Ìlú Ọba gbé àbá kan jáde pé kí irú àwa kíà yìí dúró ọdún 15 kí a tó lè gba ìwé ìgbélùú, dípò ọdún 5. Ọdún 2027 ni mo ti ń kà. Ìwé àṣẹ mi so mọ́ ọ̀gá iṣẹ́ mi; tí ó bá ní kí n máa lọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti rí ọ̀gá mìíràn tàbí kó kẹ́rù. Èmi tí mo ń pe ti ọmọ àǹtí mi ní iṣẹ́ tí kò dájú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 26, pé. Aago kan àtààbọ̀ ọ̀sán tiwa ló yẹ kí Reeves dìde ka ìṣúná, àmọ́ kó tó dìde ni fóònù ti ń dún: ìwé àjọ tó ń yẹ ìṣirò ìjọba wò ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú rẹ̀. Mo yá báírò, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí aṣọ. Owó wákàtí á di £12.71 ní oṣù kẹrin ọdún 2026. Ibi tí owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀, £12,570 tí kò tíì yí padà láti ọdún 2021, kò ní yí padà títí di ọdún 2031. Mo ń fa ìlà, mo ń yọ ọ́ kúrò lára owó tuntun náà láti mọ iye tí yóò kù fún mi.

Àlàájà tó ń kó tẹ́rú, aṣọ funfun tí a fi ń ṣe àdìrẹ, wá fún wa wọlé, ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó ní ká má bínú, ìdì kan ti gbówó lé.

"Láti ìgbà wo?" àǹtí mi bi í.

"Láàárọ̀ yìí ni o."

Àǹtí mi ò bá a jiyàn. Ó na ọwọ́ sí mi, ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó lọ fagi lé iye tó wà lára páálí tó kọjú síta.