Àtíbàbà mẹ́ta tí mo bàjẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa kọ́ rélùwéè kékeré, èyí tí a ń fi ike ṣe ní àwòrán ti gidi, mo kí yín. Ẹni mẹ́ta nínú yín ló ti bi mí pé gọ́ọ̀mù wo ló dára jù fún páálí ike, ìyẹn páálí tí ègé ike tí a máa tò pọ̀ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ àtíbàbà ibùdókọ̀ ojú irin, òrùlé tó ń bo pèpéle tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ìbéèrè tí èmi náà kọ́kọ́ gbé lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ nìyẹn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òtútù ò jẹ́ kí n rójú jáde nílé. Màá dáhùn tó bá yá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: àtíbàbà mẹ́ta ni mo bàjẹ́ kí n tó kọ́ èyí tó ṣeé gbé síta. Gọ́ọ̀mù ba ọ̀kan jẹ́. Méjì yòókù, ọ̀nà tí èmi gbà kọ́ wọn ló bà wọ́n jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣí páálí rárá, ẹ lọ wo ti gidi. Àwọn àtíbàbà tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọkọ̀ eléèédú sábà máa ń ní òpó irin, gíláàsì lórí, àti pákó eléyín tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé. Ilé ibùdókọ̀ Great Malvern ti wà láti 1862. Ewé àti òdòdó ló kún orí àwọn òpó irin rẹ̀, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ mèremère. Ti Tynemouth, ní 1882, William Bell ló ya àwòrán rẹ̀ fún iléeṣẹ́ rélùwéè North Eastern Railway, gíláàsì ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé mo fi odindi Sátidé kan jókòó sábẹ́ rẹ̀, mi ò wọ ọkọ̀ kankan. Ohun tí mo rí kọ́ níbi tí mo ti ń wò kiri kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan. Ọ̀pọ̀ irú òpó irin bẹ́ẹ̀ ní ihò nínú, inú wọn ni omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí òpó lábẹ́ ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, níbi tí omi ń wọ́ sí. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ri òpó síbi tí kò ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ mú rúlà dání náà. Ìwọ̀n tí púpọ̀ nínú wa ń lò níbí ni OO, níbi tí mìlímítà mẹ́rin ti dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Òfin àtijọ́ níbí ni pé òpó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí etí pèpéle, ó kéré tán. Lọ́dọ̀ wa, 24 mm nìyẹn. Ti èmi jẹ́ 15 mm. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ní nǹkan kan ò rí bó ṣe yẹ kó rí, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí nǹkan náà.

Ó yá, ẹ ṣí páálí. Ẹ má fọwọ́ já nǹkan kan kúrò lára ẹ̀ka ike tó so àwọn ègé náà pọ̀. Ẹ fi abẹ gé e kó ṣẹ́ ku ìdodo bíńtín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fá ìdodo yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gé e mọ́ ara lẹ́ẹ̀kan náà, ike á ya wọnú òpó. Ẹ fi ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fọ gbogbo rẹ̀, torí òróró máa ń wà lára ike tuntun, ọ̀dà ò sì ní mú un.

Àtíbàbà àkọ́kọ́ tí mo bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé gidi ni mo ṣe kọ́ ọ, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo ri òpó mẹ́jọ mọ́ orí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo wá gbé òrùlé lé wọn. Mẹ́ta kan òrùlé, márùn-ún ò kàn án. Mo tẹ òrùlé mọ́lẹ̀ títí tó fi kàn wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù dè é. Nígbà tílẹ̀ mọ́, etí òrùlé ti ń lọ sókè sódò bí ẹ̀yìn ràkúnmí. Pèpéle mi ló wọ́. Ó fi ìdajì mìlímítà ga ní àárín. Ìdajì mìlímítà péré! Àmọ́ etí òrùlé gígùn dà bí okùn tí bíríkìlà ta, tó bá yẹ̀ báyìí, ojú á ti rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wò ó, kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kọ́ èyí tó kàn ní àdojúdé. Ìyẹn ni pé kí n parí òrùlé pátápátá ná, pẹ̀lú pákó eléyín rẹ̀, kí n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n wá ri òpó mọ́ ọn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ń wòkè. Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Lórí awẹ́ díńgí ni mo ti ń ṣe é, torí tábìlì ilé ìdáná kì í tẹ́jú tó bí a ṣe rò. Tí òrùlé bá ní ṣóńṣó láàárín, kò ní lè dùbúlẹ̀ dáadáa, nítorí náà mo máa ń wá igi méjì tí gíga wọn dọ́gba, màá fi ti etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo máa ń gbé sukúyà kékeré, irin onígun tí káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dúró ṣánṣán, ti òpó kọ̀ọ̀kan níwájú, màá tún gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òpó tó dúró ṣánṣán níwájú lè ti fẹ̀yìn tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, màá gbé rúlà irin lé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, èyí tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, sáńdípépà ló máa bá a sọ̀rọ̀. Òrùlé ni òpó gba ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, pèpéle tó wọ́ ò lè yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Tí ẹsẹ̀ kan bá gbé sókè díẹ̀, ọ̀dà tó ki á bo àlàfo rẹ̀.

Èkejì ni gọ́ọ̀mù bàjẹ́. Gíláàsì inú páálí, ike tó mọ́ gaara ni. Mo fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́, ó dúró wámú, inú mi dùn, mo fi ike ìpápánu dé e mọ́lẹ̀ kí eruku má bà á. Ní òwúrọ̀ mo ṣí i. Gíláàsì ti funfun bí ojú fèrèsé tí ọmọdé mí sí lára lásìkò ọyẹ́. Mo nù ún, kò lọ. Mo fi omi fọ̀ ọ́, kò lọ. Bí súpà gúlù ṣe ń gbẹ ló ń tú èéfín jáde, èéfín náà sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá wà nítòsí. Èmi ni mo wá fi ìdérí há a mọ́ ibi tí ò yẹ kó dé. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, ìyẹn PVA, ni kẹ́ ẹ máa lò fún gíláàsì. Ẹ fi ẹnu igi ìtayín kán an síbi tí gíláàsì máa fara ti. Tó bá gbẹ, á mọ́ gaara.

Ẹ kun ohun tó máa di gíláàsì mú kẹ́ ẹ tó fi gíláàsì síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi gíláàsì sí i, tó wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ ọ̀pá tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ṣépè kí iṣẹ́ tó parí. Àwọ̀ tí ẹ máa lò wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rélùwéè tí ẹ ń kọ́ tirẹ̀: Great Western fẹ́ràn àwọ̀ òkúta fífẹ́ẹ́ àti èyí tó ṣókùnkùn, Southern fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu ìdọ̀tí sí i. Ọkọ̀ eléèédú ń mí èéfín sí abẹ́ òrùlé yẹn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, gíláàsì tó ń dán wínníwínní lórí rẹ̀ irọ́ ni. Mo máa ń po ọ̀dà dúdú díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, màá kùn ún, màá wá fi àkísà fà á wálẹ̀ síhà tí òjò ń ṣàn gbà.

Ó dára, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè. Fún ike sí ike, gọ́ọ̀mù olómi ni mò ń lò, kì í ṣe èyí tó wà nínú túùbù. Kì í lẹ ike o, yíyọ́ ló ń yọ́ ọ, tí ara méjèèjì á fi wọnú ara wọn. Ẹ pa méjèèjì pọ̀ ná, ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìpàdé wọn, ẹ óò rí i tó sáré wọlé fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ní ọ̀dà kì í wọ̀, nítorí náà ẹ fá ọ̀dà kúrò lójú ìpàdé. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ibi tí ìka yín wà. Tí ìka bá wà lórí ìlà yẹn, gọ́ọ̀mù á sá lọ sábẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀ka òsì mi ṣì wà lórí òrùlé kan títí dòní, ọlọ́pàá lè fi mú mi. Ẹ ṣí fèrèsé, òtútù kì í pani tó èéfín yẹn. Ìyàwó mi lé èmi àti àtíbàbà lọ sí gáréèjì nítorí rẹ̀, mi ò sì rí i bí ìyà mọ́.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí ó rẹwà. Ó gún régé, gíláàsì rẹ̀ mọ́. Mo wá fi gọ́ọ̀mù dè é mọ́ pèpéle pinpin. Kò pé oṣù kan tí ọkọ̀ kan fi yẹ̀ kúrò lójú irin lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ò sì wọlé. Mo fi ọ̀pá tì í, mo fi wáyà fà á. Nígbà tí mo wá fi agídí ti ìka méjì wọlé, pákó eléyín ṣẹ́ sí mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, mi ò de àtíbàbà mọ́lẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi dírìlì ọwọ́ lu ihò sí ìsàlẹ̀ òpó mẹ́rin tó wà ní igun, màá ki wáyà bàbà tó tó 1 mm bọ̀ ọ́, màá sì lu ihò tó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ sí ara pèpéle. Ó máa jókòó síbẹ̀ bí ìkòkò lórí àdògán, tí wàhálà bá dé, a óò gbé e kúrò.

Ẹ̀kẹrin la gbé lọ sí ìpàtẹ. Páálí kan kì í gùn tó ọkọ̀ mẹ́ta, nítorí náà mo so mẹ́ta pọ̀. Mo rántí pé kí ojú ìpàdé òrùlé àti ti pákó má bọ́ síbì kan náà, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Mo tiẹ̀ fi òpó bo ìkan. Ohun tí mo gbàgbé ni pé kí n ka eyín pákó kí n tó gé e. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n yìn ín. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ wá fi imú kan okùn ààbò, ó wò ó jẹ́ẹ́, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé eyín kan sanra. Òtítọ́ ni. Níbi tí pákó méjì ti pàdé, ààbọ̀ eyín kan àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ti di eyín kan ńlá. Ojú àlàfo àárín eyín sí eyín ni kẹ́ ẹ máa gé, bó tilẹ̀ máa jẹ́ kí òrùlé dín mìlímítà méjì.

Ẹnì kan nínú yín bi mí bóyá a lè kọ́ ibùdókọ̀ Ìbàdàn, níbi tí rélùwéè ti dé láti Èkó ní 1901. Ẹ ò ní rí páálí rẹ̀ rà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Ojú irin OO wa, tí àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 16.5 mm, tín-ín-rín jù fún ojú irin Gẹ̀ẹ́sì, 18.83 mm ló yẹ kó jẹ́ ká ní a fẹ́ sòótọ́. Ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà jẹ́ 1067 mm. Tí ẹ bá fi ìwọ̀n 1:64 kọ́ ọ, níbi tí mìlímítà kan ti dúró fún mìlímítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti gidi, 16.67 mm ló máa já sí, ìyẹn ni pé ojú irin tó ti wà nílé yín bá ti wa mu ju ti àwọn tó ṣe é lọ. Ike pẹlẹbẹ wà lọ́jà, èyí tó ní ìlà páànù náà wà. Mo ti gé òpó mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n wà lórí díńgí ní gáréèjì, ẹsẹ̀ wọn ń wòkè.