Dárúkọ Ohun Tí O Rí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Yíyin Ọlọ́run Níwájú Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹni tó mọ oríkì í kì kì í sọ pé "o tóbi, o dára" kó sì dákẹ́. Ohun tí ẹni náà ṣe ló máa ń dárúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni ìyìn wa ti ń tètè gbẹ tí a bá dúró níwájú òkun tàbí ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀. A ó ní "Olúwa, iṣẹ́ Rẹ mà tóbi o" lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ á tán, a ó sì bọ́ sí ẹ̀bẹ̀. A ò tíì wo nǹkan kan dáadáa ni.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ fi gbogbo ọgbà sílẹ̀, kí ẹ mú ewé kan. Ogún ìṣẹ́jú tó: ẹ fi 10 wò láìsọ̀rọ̀, 5 fún Ìwé Mímọ́, 5 fún ìyìn. Kí fóònù wà nínú ilé, torí bí a bá ti ya fọ́tò tán, ojú á gbà pé iṣẹ́ òun ti parí. Nínú Mátíù 6:28, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbi tí Jésù ti ní ká wo òdòdó lílì ju wíwò lásán lọ. Ó ní í ṣe pẹ̀lú kíkọ́ nǹkan títí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ewé náà ní ìdájí. Omi wà káàkiri orí rẹ̀, róbótó róbótó. Ẹ wá wo etí rẹ̀: lára àwọn ewéko kan, ìkán omi á tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan ní ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní ìrì, àmọ́ kì í sábà jẹ́ ohun kan náà. Ti orí ewé ni ìrì: ewé ti tutù ju afẹ́fẹ́ lọ lóru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì di omi lára rẹ̀. Ti etí ewé sábà máa ń wá láti inú. Gbòǹgbò ń fa omi nínú ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n omi kì í gbẹ lára ewé lóru bíi ti ọ̀sán, nítorí náà á gba ihò tín-ín-tín tó wà létí ewé jáde. Omi inú afẹ́fẹ́ àti omi inú ilẹ̀ pàdé lórí ewé kan ṣoṣo kí oòrùn tó yọ.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí Jóòbù 38:28, níbi tí Ọlọ́run ti bi Jóòbù bóyá òjò ní baba, àti ta ló bí ìkán ìrì. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹnu ò ní yà wọ́n mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ló ń fún ìyìn lọ́rọ̀: "Ìwọ tó ń fa omi gòkè láti inú ilẹ̀ lóru láìsí ariwo, tó ń sẹ ìrì sórí ewé tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, mo yìn Ọ́." Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ti tó. Bí ẹ bá lè sọ gbólóhùn yín nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa, láìrí ewé náà rárá, ẹ padà lọ wò ó.

Ní ti Sáàmù, 104 ni mo máa ń ní kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 35 ló ní, ẹ má kà á tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ọjọ́ méje: 1–4, 5–9, 10–13, 14–18, 19–23, 24–30, 31–35. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ka ti ọjọ́ karùn-ún, torí oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, kìnnìún ń jáde, ènìyàn sì ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Nínú Sáàmù 148, ẹsẹ 11 ni ènìyàn tó dé. Oòrùn, yìnyín àti igi ti ń kọrin kí a tó wọlé. Sáàmù 19 ńkọ́? Ẹ má dúró ní ẹsẹ 6. Ọ̀run ń sọ̀rọ̀ ogo, àmọ́ kò sọ bí a ṣe ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini. Ẹsẹ 7 ló yí sí òfin Olúwa, ẹsẹ 12 sì kan àṣìṣe tó pamọ́.

Ohun tó sábà ń ba ìyìn yìí jẹ́ ni ẹ̀bẹ̀ tó yọ́ wọlé. "Bí O ṣe ń bọ́ ẹyẹ, bọ́ èmi náà." Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Jésù fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀ nínú Mátíù 6:26. Ṣùgbọ́n ẹ fi í dé ẹ̀yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyẹ á di àpótí tí a gùn láti fi nawọ́ sí ohun tí a fẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ ta ni "Ìwọ" inú gbólóhùn yín. Sáàmù 148 bá oòrùn sọ̀rọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó lè yin Ọlọ́run ni. Diutarónómì 4:19 kìlọ̀ pé ká má ṣe forí balẹ̀ fún oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀.

Àwọn àárọ̀ kan wà tí ara ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n bóyá Ọlọ́run wà níbẹ̀. A ń pè É ní Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé. Ẹ ka Sáàmù 139:7–10 lẹ́yìn orúkọ yẹn, kí ẹ ṣe ìyìn yín tán, kí ẹ dìde.

Kì í sì í ṣe ohun tó rẹwà nìkan là ń yìn Ín fún. Oúnjẹ tí kìnnìún ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ní Sáàmù 104:21, ẹran tó ń mí ni. Róòmù 8:22 ní gbogbo ẹ̀dá ń kérora. Bí omíyalé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má gbé Sáàmù 29, tó ní Olúwa jókòó lórí ìkún omi, lọ bá a, ẹ bá a kó ẹrù.

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, tí kò rí ewé wò, èémí rẹ̀ tó o. Kó ka Sáàmù 104:29, níbi tí Ọlọ́run ti ń gba èémí, bó bá mí síta, kó ka ẹsẹ 30, níbi tí Ó ti ń rán ẹ̀mí Rẹ̀ jáde, bó bá mí sínú, kó sì rọra ṣe é lẹ́ẹ̀meje.