Sístà Kútọnú ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó pè mí ní ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ rí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Sístà Kútọnú ni orúkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ṣàlàyé títí pé etí òkun ni Kútọnú wà, pé òkè lọ́hùn-ún, láàárín àpáta, ni tiwa. Màmá onílé mi fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá ní, "Ó dáa, Sístà Kútọnú, ẹ wá jẹun."

Ìjọ wa nílé ló rán mi wá kọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé ní Bíbélì. Wọ́n ní mo ṣáà gbọ́ Yorùbá, iṣẹ́ náà á rọ̀ mí lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ibodè Sẹ̀mẹ̀ àti ọ̀nà Èkó, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì tíì gbà á, n kò fẹ́ dẹ́rù bà á.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kò ṣe é fi wàásù. Nílé wa, ẹ̀bá títì la ti ń ra epo bẹntiróòlù nínú ìgò. Kpayo là ń pè é, Nàìjíríà ló sì ti ń wá. Èmi rò pé ẹni tó bá dé Nàìjíríà gan-an ti dé orísun ọrọ̀ nìyẹn. Àwọn ọlọ́kadà tí mo bá ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kò ju iye tí lítà kan ti di láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Mo dákẹ́, n kò sọ iye tí à ń rà á nílé fún ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ kò dà mí láàmú rárá. Gàrí Ìjẹ̀bú kan, ó kúnná, mo sì ti di ẹrú rẹ̀, pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo kọ́kọ́ fojú àsáró wò. Ewùrà ni wọ́n ń rin, wọ́n á wá máa fọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ epo tó ń hó, tí ẹja gbígbẹ ti wà nínú rẹ̀. Bí o bá tètè rò ó pọ̀, ó bà jẹ́ nìyẹn, màmá onílé á sì sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọdún Agẹmọ, òrìṣà àwọn Ìjẹ̀bú, ni kò sí ẹni tó múra mi sílẹ̀ fún. Àwọn Ìjẹ̀bú ń ki ara wọn ní ọmọ Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù July, àwọn Alágẹmọ wọ̀nyí, àwọn àwòrò òrìṣà náà, máa ń ti ìlú wọn gbéra, Tami ti Ọ̀dọgbọlú wà lára wọn, wọ́n á wọ Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí wọn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ìdánrawò orin sí. Ìyá Ìjọ wá bá mi láàárọ̀, ó ní a ò ní pàdé. Obìnrin tó máa ń fi ààwẹ̀ àti àdúrà òru lé gbogbo wa kúrò lórí àga ni o! Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ̀rù wo? Ọ̀rọ̀ ìlú ni, Sístà. Ẹ ti fèrèsé yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ilé náà ṣe kó sí yàrá kan, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, tí a jókòó ti ewùrà tí a fẹ́ fi dín ọ̀jọ̀jọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá Ìjọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ìtàn tí n kò bá pàdé nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé. Ó ní ọdún 1846 ni àwọn ajíhìnrere ti dó sí Abẹ́òkúta, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dé Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú, tó súnmọ́ Èkó jù wọ́n lọ, ti ọ̀nà rẹ̀ pa. Àfìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣẹ́gun wọn ní Ìmagbọ̀n, ní May 1892, ni ọ̀nà tó là. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàgbọ́ àti ìmàle gbilẹ̀ pọ̀, nígbà mìíràn lábẹ́ òrùlé kan náà. "Àlàájì ni ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, bó ṣe ń bu iyọ̀ sí ewùrà. "Òun ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ta ni kí n wá bá jà?"

N kò gbà fún un tán, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì rò pé ó yẹ kí ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun tí à ń bọ̀wọ̀ fún àti ohun tí à ń tẹrí ba fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún já ọ̀jọ̀jọ̀ mìíràn sínú àwo mi.

Ní 2025, àjọ̀dún Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, June 8. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tó fàyè gbà wọ́n láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìsìn wa tó máa ń wọ ọ̀sán parí kí oòrùn tó mú. Kò sí ẹni tó kéde ìdí, wọ́n kàn ń wo aago. Ìgbà tí mo fi jáde sí ìta, àwọn díákónì ti wà nínú agbádá ẹgbẹ́. Règbérègbé ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọ̀nyí: Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ló ń wà pọ̀, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Màmá onílé ti ra aṣọ ẹgbẹ́ tiẹ̀ fún mi tipẹ́, ó ní àlejò òun kò lè rìn lẹ́yìn òun bí ọmọ ọ̀dọ̀. Mo wọ̀ ọ́, wọ́n wé gèlè fún mi, mo rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, etí mi sì ń hó fún ìró ìbọn. Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà ṣì wà láyé nígbà náà. Oṣù tó tẹ̀lé e ló wàjà, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn obìnrin àdúgbò tó máa ń dá mi lóhùn lábẹ́ imú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ránṣẹ́ sí kíláàsì mi ní Sátidé. Ìwé àlàyé tí mo ti pín kiri kò mú ẹyọ kan wá rí.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún màmá onílé pé èmi ni màá san owó aṣọ náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó wá gbà, ó sì gba owó náà pé pérépéré (Ìjẹ̀bú kì í fi owó ṣeré). Nínú ìròyìn tí mo ń fi Faransé kọ ránṣẹ́ sílé, abẹ́ ohun èlò iṣẹ́ ni mo kọ ọ́ sí. Akápò ìjọ wa fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí WhatsApp: irú ohun èlò wo ní ń jẹ́ gèlè? Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. Ó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á, àti bóyá ó ní àwọ̀ mìíràn.