Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń wádìí ìhùwàsí ọmọdé

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ fẹ́ ṣèwádìí ohun tó ń fa ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, ìjà àti àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ láàárín àwọn ọmọdé ní Àbújá, Kaduna tàbí Kano, iṣẹ́ yìí sábà máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, kí ẹ tó dé ìdí kọ̀ǹpútà rárá.

Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sí Mararaba, á bi ìyá bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá a, á tún bi ìyá kan náà bóyá ọmọ rẹ̀ ń yọni lẹ́nu. Ìṣirò á ní méjèèjì so kọ́ra, akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ ọ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ìyá ló ba ìwà ọmọ jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, ariwo díẹ̀ a máa dà bí ìyọnu ńlá létí rẹ̀. Ẹ bi tíṣà pẹ̀lú, tí ọmọ bá sì ti pé ọdún 11, ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò ní dọ́gba. Nígbà tí Achenbach, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọdé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 119 jọ ní 1987, ìbáramu ọ̀rọ̀ (1 ni ìbáramu pátápátá, 0 ni àìbáramu rárá) láàárín àwọn tó jọ ń rí ọmọ níbì kan náà tó 0.60, ti àwọn tó ń rí i níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí òbí àti tíṣà, jẹ́ 0.28. Ẹ má rò wọ́n pọ̀ kí ẹ sì pín in sí méjì. Ọmọ tó jẹ́ pé ilé ìwé nìkan ló ti ń jà, ilé ìwé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ìdí ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù SDQ, ìwé ìbéèrè lórí ìwà àti ìdààmú ọkàn ọmọdé, tí Goodman gbé jáde ní 1997 ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín. Ìbéèrè 25 ló ní, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Márùn-ún tó dá lórí inúure sí ẹlòmíì kì í wọ àròpọ̀ ìṣòro, ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ kì í fi í ju 40. Ìbéèrè 7, 11, 14, 21 àti 25 ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú: ìwà dáadáa ni wọ́n ń béèrè, nítorí náà 2 gbọ́dọ̀ di 0, kí 0 di 2. Tí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, ọmọ tó ń gbọ́ràn á gba máàkì alágídí. Ìbéèrè 3 ní ẹ̀tàn tiẹ̀ nílẹ̀ wa: ó ka orí fífọ́ àti inú rírun mọ́ ìdààmú ọkàn. Ẹ béèrè ẹ̀ nígbà òjò ní Gwagwalada, ibà nìkan á ti gbé máàkì sókè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tí ọmọ bá ṣe ibà láìpẹ́.

Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni fọ́ọ̀mù náà ń bi, ọ̀pọ̀ ìyá ò sì ka oṣù báyẹn. Ẹ fi Iléyá, Kérésì tàbí ìgbà tí wọ́n wọlé taamu ṣe òdiwọ̀n. Fún àwọn tí ogun lé kúrò ní Borno, "Ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé?" wúlò ju "Látìgbà wo?" lọ. Ní ti èdè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sábó Gàrì lè gbọ́ Yorùbá dáadáa, kó jẹ́ Hausa ló fi ń sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kó yan èyí tó wù ú.

Ọ̀rọ̀ pàṣán wá ńkọ́? Ṣé nínà ló sọ ọmọ di olóríkunkun, àbí oríkunkun ló ń fa nínà? Ìbẹ̀wò kan ṣoṣo ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ wọn méjèèjì, ẹ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún wọn méjèèjì, kí ẹ wá wò ó bóyá nínà ti àkọ́kọ́ ń sọ bí ìwà tẹ̀yìn á ṣe rí, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ipa ìwà ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìṣirò. Síbẹ̀, òbí tó ń yára bínú lè ti fi ìyárabínú sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó tó fọwọ́ kan pàṣán. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ lọ, "ó so mọ́ ọn" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "ó fà á". Kí ẹ lè rí wọn padà, ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, ọ̀kan ti ẹbí, torí àwọn tí nǹkan le fún ló máa ń tètè kó kúrò ní Nyanya.

Ẹ yẹ ara ọmọ wò kí ẹ tó dá ọkàn lẹ́bi. Àìsàn yírunyírun a máa ba etí jẹ́, ọmọ tí kò gbọ́ á sì di "aláìgbọràn". Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níwọ̀n apá kan, ẹ di etí kan fún un, ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́ta wúyẹ́wúyẹ́ kó tún un sọ, kí ẹ wá ṣe ìkejì.

Òjé, irin olóró tí Òyìnbó ń pè ní lead, náà wà ńbẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, fífọ́ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé tú òjé jáde, ó pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé kan náà a máa dín ọpọlọ kù, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ fọkàn sí nǹkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òní ò lè sọ tọdún mẹ́ta sẹ́yìn, torí láàárín nǹkan bí oṣù kan, ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti kúrò, egungun ló sì ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé nígbà tí ọmọ ṣì ń rákò, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ń lọ òkúta wúrà lágbègbè ilé nígbà náà.